Èdè Wa Kọ́ Ló Kùnà

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní hẹlikọ́pítà kékeré kan tó fi ń ṣeré. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú òkè rẹ̀, ó ń bá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí. Ohun pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ sì wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ọ̀pá yìí kán, ó fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀. Ni hẹlikọ́pítà bá ń ṣe ségesège lófuurufú, kò sì pẹ́ tó fi kọlu ògiri. Mo bi í pé kí ló fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ tó ò ń kọ́ Yorùbá, èdè rẹ kò gba àlàyé yẹn.”

Èmi kò gbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí a bá pe ẹni tó gbé ọparun gígùn lé èjìká, díẹ̀díẹ̀ ni yóò yíjú. Ẹni tó gbé ọmọ odó yóò yí kíá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá yìí rí. Bí ó bá gùn, hẹlikọ́pítà á dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n á lọ́ra láti jẹ́ àṣẹ. Bí ó bá kúrú, ara rẹ̀ á yá, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọṣẹ́ nìkan ló lè tù ú.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Hẹlikọ́pítà kéékèèké ni Arthur Young fi dán irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó lọ sí iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ní 1941. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo iná ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀pá náà nínú ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà ìṣeré.

Kí ni Yorùbá kò lè sọ nínú gbogbo èyí? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ohun tí ọmọdé lè fi Yorùbá kọ́, ṣé àwa ni yóò ṣòro fún?

Síbẹ̀, ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kì í yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti dá ọ̀pá gígùn padà síbẹ̀, “ọ̀pá ìmúdúró” ló sì ń pè é báyìí.