Ẹ Yéé Bú Ajílẹ̀, Iná Yín Ló Pọ̀ Jù

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú wa láti máa gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fọ́tò táǹkì gíláàsì rẹ̀ jáde, tí ọbẹ̀dò, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí ìwé wa ń pè ní algae, ti bo ewéko inú rẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n máa fún un: "Ajílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi rẹ. Dá a dúró." A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹja, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n tí a bọ̀wọ̀ fún. Àwa mẹ́rin tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ọ́ gbangba pé ìmọ̀ràn náà kò dára. Owó wa ti bá a lọ, ewéko wa ti bá a lọ, ẹja wa náà sì fara gbá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, a dá owó jọ, a ra táǹkì tó ń gba 60 lítà omi. A gbin ewéko sí i, a sì kó ẹja kéékèèké mẹ́sàn-án sínú rẹ̀. Ẹni tó ta iná LED fún wa ní bí iná bá ṣe lágbára tó ni ewéko yóò ṣe dàgbà tó. A gbà á gbọ́. Èyí tó lágbára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la rà, wákàtí 12 la sì ń tàn án lójúmọ́ bí iná bá wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì pé tí ọbẹ̀dò bí irun fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí gbogbo ewé. Wọ́n ní ká dá ajílẹ̀ dúró, a dá a dúró. Ewé tuntun wá ń yọ ní àwọ̀ ìyeyè, ewé àtijọ́ ń lu ihò. Ọbẹ̀dò kò kúrò níbẹ̀ o. Ńṣe ló ń gbilẹ̀ sí i.

Ìmọ̀ràn kejì tún dé: ká fi ìgò ṣúgà àti ìwúkàrà pèsè CO2 fún ewéko. Ìwúkàrà máa ń jẹ ṣúgà, á sì máa tú CO2 jáde. A fi rọ́bà tín-ín-rín darí rẹ̀ sínú omi. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi dúró, ojú omi kò mì mọ́. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà kò mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ. Gbogbo òru ló fi ń tú CO2 sínú omi tó dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ewéko pàápàá ń bá ẹja du ọ́síjìn nítorí pé òkùnkùn ti ṣú. Nígbà tí a máa fi jí, ẹja márùn-ún ti kú. Mẹ́rin tó kù la ẹnu sókè omi, wọ́n ń wá èémí.

Kí ló fa gbogbo èyí? Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Orí ààrò mẹ́ta ni ewéko inú omi náà gbé ìkòkò rẹ̀ lé: ìmọ́lẹ̀, CO2, àti oúnjẹ bíi náítíréètì, fọ́síféètì, pòtásíọ́mù àti irin. Ohun tí àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn kò rí ni pé iṣẹ́ ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ ló ń pàṣẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ewéko yóò ṣe máa béèrè CO2 àti oúnjẹ tó. Ẹni tó ń fi iná kún iná dà bí ẹni tó wọ búkà, tó ń pe oúnjẹ lóríṣiríṣi, tí kò sì lówó lápò.

CO2 sì ṣọ̀wọ́n nínú omi. Omi tó kàn wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ lásán kì í ní ju nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù CO2 lọ nínú lítà kan. Ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ náà, ìrìn ìgbín ló ń rìn: bí gáàsì ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 yá ju bó ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú omi lọ. Nítorí náà, lábẹ́ iná wa tó lágbára, CO2 ló kọ́kọ́ tán. Ewéko tí CO2 kò tó kò lè lo ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà. Ìdàgbàsókè rẹ̀ á dúró, ewé rẹ̀ á máa bàjẹ́, èròjà ara rẹ̀ á máa jò sínú omi. Ọbẹ̀dò ní tirẹ̀ kì í béèrè nǹkan púpọ̀. Ìwọ̀n kékeré tó ń jáde láti inú oúnjẹ ẹja àti ìgbẹ́ ẹja ti tó o. Nígbà tí a wá dá ajílẹ̀ dúró, ewéko la fi ebi pa. A na onílé, a fi olè sílẹ̀.

Wọ́n á ní, "Òfin Liebig ńkọ́?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní Jámánì, ní ọ̀rúndún 19, Carl Sprengel ló kọ́kọ́ gbé òfin náà kalẹ̀, Justus von Liebig ló jẹ́ kó gbajúmọ̀: ohun tó kéré jù lára ohun tí irúgbìn nílò ló ń pinnu bí yóò ṣe dàgbà tó. Bó bá jẹ́ CO2 ló kéré jù, àǹfààní wo ló wà nínú kí a tún yọ fọ́síféètì kúrò? Àìní kan la sọ di méjì yẹn. Òfin tí wọ́n fi ń bá wa jà, ẹ̀yìn wa ló wà.

Ohun ìjà kan wà lọ́wọ́ wọn tó lágbára, a kò ní fi pa mọ́. Ní 1973, àwọn onímọ̀ ní Kánádà fi aṣọ ìkélé ńlá pín adágún kan tó ń jẹ́ Lake 226 sí méjì. Apá tí wọ́n da fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sí di ọbẹ̀dò kíki. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, a kò sì jiyàn rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ kí ajílẹ̀ oko ṣàn wọ odò ń ba omi ará ìlú jẹ́. Ṣùgbọ́n táǹkì kì í ṣe adágún. Nínú adágún yẹn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ṣọ̀wọ́n. Nínú táǹkì, ojoojúmọ́ là ń fọ́n ọn sínú omi pẹ̀lú oúnjẹ ẹja, a kò lè fi í fún ọbẹ̀dò lọ́rùn pa.

Àwọn kan sì ti gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní 1996, Paul Sears àti Kevin Conlin kọ̀wé lórí táǹkì ewéko, wọ́n ní kí fọ́síféètì ṣọ̀wọ́n kí ọbẹ̀dò má bàa rí jẹ. Lẹ́yìn wọn, Tom Barr ní Amẹ́ríkà ń da fọ́síféètì sínú táǹkì tó kún fún ewéko, tí CO2 rẹ̀ sì pé. Ọbẹ̀dò kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dé. Ìlànà tirẹ̀ ni kí oúnjẹ ewéko má wọ́n, kí a sì máa pààrọ̀ ìdajì omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Diana Walstad, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1999, gba ọ̀nà mìíràn: iyẹ̀pẹ̀ lásán nísàlẹ̀ táǹkì, kò sí ìgò CO2 kankan. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru, méjèèjì sì ń so èso, nítorí pé ààrò mẹ́ta dọ́gba lábẹ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Ewéko tí àwọn olólùfẹ́ táǹkì mọ̀ káàkiri ayé sí Anubias barteri, agbègbè wa níbí ni ilé rẹ̀. Charles Barter tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é bá Baikie àti Samuel Àjàyí Crowther rìnrìn àjò lórí odò Ọya ní 1857, ó sì kú sí Rabba ní 1859. Etí odò inú igbó, lábẹ́ òjìji igi, ni ewéko yìí máa ń hù. Ewé rẹ̀ nípọn, kì í sì í yára dàgbà. Bí a bá tan iná líle sí i, ọbẹ̀dò á ti bo ewé kan kí òmíràn tó yọ. Ewéko ilé wa kò béèrè iná líle lọ́wọ́ wa, àwa la ń fi owó oúnjẹ wa rà á.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ yín nìyí. Bí ọmọdé kan bá mú fọ́tò ọbẹ̀dò wá, ẹ kọ́kọ́ bi í pé wákàtí mélòó ni iná rẹ̀ ń tàn. Ẹ ní kó dín in sí wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, tàbí kó gbé iná náà jìnnà sí omi. Kó máa fi ajílẹ̀ díẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa pààrọ̀ ìdajì omi, kó má sì fún ẹja lóúnjẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dájọ́. Ẹ má ṣe júwe ìgò ìwúkàrà fún ẹni tí iná ilé rẹ̀ kò dúró. Ẹni tó bá sì ní sílíńdà CO2, kó máa tì í pa kí iná táǹkì tó kú lálẹ́, kó má jẹ́ kó ju 30 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan.

Táǹkì wa ṣì wà lórí tábìlì. Wákàtí mẹ́fà ni iná rẹ̀ ń tàn báyìí, a ti kó ìgò ṣúgà dànù, a sì ti padà sídìí ajílẹ̀. Àwọn ewé tó lu ihò kò san, wọn kì í san; ewé tuntun tó ń yọ là ń wò, wọ́n sì tutù minimini. Ọbẹ̀dò kò tán pátápátá. Díẹ̀ máa ń hù lára gíláàsì, a sì ń ha á kúrò ní gbogbo Sátidé. Ẹja mẹ́rin la ní, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sọ fún wa pé ajílẹ̀ ló jẹ̀bi, kó wá ka ẹja náà kó tó sọ̀rọ̀.