Abẹ́rẹ́ Inú Eèrà: Oró tí Ó Lè Di Oògùn

Àwọn àgbà wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ẹni tí eèrà dúdú ńlá bá ti ta lẹ́sẹ̀ rí lórí àwọn òkè mọ́kànlélógójì tí a fi mọ Dassa-Zoumè yóò jẹ́rìí sí i. Kí ni ó wà nínú oró náà, kí sì ni a lè rí jẹ níbẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo eèrà ni ó ń ta. Ẹnu ni ìjàlọ fi ń gé ni. Eèrà pupa tí ń fi ewé máńgòrò kọ́ ilé kò ní abẹ́rẹ́. Ó ń gé ni jẹ, ó sì ń tu omi kíkan tí Faransé ń pè ní acide formique sójú ibẹ̀. Àwọn tí ń ta gan-an ní abẹ́rẹ́ ní ìdí, pẹ̀lú àpò oró. Abo nìkan ni ó ní i, nítorí ẹ̀yà ara tí àwọn kòkòrò ìṣáájú fi ń yé ẹyin ni ó yí padà di abẹ́rẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ irú oró bẹ́ẹ̀, peptide ni òṣìṣẹ́ pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí purotéènì bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, peptide jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kúkúrú. Hóró kọ̀ọ̀kan ni acide aminé, bí a bá sì ṣe tò wọ́n ni iṣẹ́ wọn yóò ṣe rí. Peptide tí a ń pè ní bicarinalin, láti inú eèrà Tetramorium bicarinatum, ní hóró 20 péré. Bí ó bá dé ara kòkòrò àìfojúrí, yóò lọ́ bí okùn tí a wé mọ́ igi: ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́ omi, ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́ ọ̀rá. Ọ̀rá ni awọ kòkòrò náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kejì wọ inú rẹ̀, ó dá a lu, ohun inú rẹ̀ sì tú dà nù. Wọ́n ti dán an wò nínú yàrá ìwádìí lórí Helicobacter pylori tí ń fa ọgbẹ́ inú, ó sì pa á.

Àwọn mìíràn kì í lu awọ. Iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n ń dojú kọ. Poneratoxin, oró eèrà Paraponera clavata ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní hóró 25. Ó ń mú kí ilẹ̀kùn tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan má tètè tì, iṣan náà sì ń ké láìdákẹ́. Ìrora rẹ̀ lè tó wákàtí 24. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ fi hàn pé eèrà ilẹ̀ wa kan, Tetramorium africanum, ní peptide tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Eèrà tún mọ ìtọ́jú. Ní ọgbà Comoé ní Côte d'Ivoire, a ti rí Megaponera analis, tí ń kógun ti ikán, tí ó ń gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ padà sílé. Ó ń fi omi láti ihò kan ní àyà rẹ̀ tọ́jú ọgbẹ́ tó ti díbàjẹ́. Ìtọ́jú yìí dín ikú wọn kù ní nǹkan bí ìdá 90 nínú 100.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé oró ti di oògùn. Ọ̀pọ̀ peptide wọ̀nyí ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn pẹ̀lú kòkòrò àrùn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni láti ya ìbàjẹ́ kúrò lára ìwòsàn. Bí eèrà bá ta yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ibẹ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí èémí kò já gaara, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíákíá. Ewé kò gbọ́dọ̀ dá yín dúró.

Lónìí tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn kò gbọ́ ti oògùn mọ́, ayé ń wá oògùn tuntun. Bí a bá ń sun igbó orí òkè wa lọ́dọọdún, tí a ń fọ́ òkúta rẹ̀ láìwẹ̀yìn, a lè fi ohun tí ì bá gba ọmọ wa là ṣe eérú kí a tó mọ orúkọ rẹ̀.