Ìdánwò Wo Ni À Ń Ṣe Fún Ọmọ Yìí?

Ẹ gbé ìṣirò kan yẹ̀ wò, irú èyí tí a máa ń kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ CE1: «Une marchande a 3 paniers de 25 mangues. Elle vend 40 mangues. Combien de mangues lui reste-t-il ?» Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ pátákó, kò kọ nǹkan kan. Òdo ni wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kan náà, bí ọjọ́ ọjà bá pé, òun ni í ka máńgòrò fún ìyá rẹ̀, tí í sì í dá owó tó ṣẹ́kù padà fún oníbàárà láìṣì í kà. Òdo náà kò sọ pé kò mọ ìyọkúrò. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «reste», ni kò yé e. Bí irú òdo bẹ́ẹ̀ bá sì pọ̀, yóò tún kíláàsì kan náà ṣe, yóò tún un ṣe, títí yóò fi fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, kíláàsì kan lè kó ọmọ Yorùbá, ọmọ Ègùn, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Màhí àti ọmọ Fúlàní pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í gbọ́ Faransé nílé. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń kọ fíìṣì ẹ̀kọ́ rẹ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni mo fẹ́ mọ̀ lọ́la, ìṣirò ni tàbí èdè? Bí ó bá jẹ́ ìṣirò, kí ó fi ẹnu sọ ọ́ ní èdè tí ọmọ gbọ́, kí ó sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún un láti fọwọ́ kà. Lẹ́yìn èyí ni kí ó gbé irú ìṣirò kan náà kalẹ̀ ní Faransé. Ọmọ tí ó yege nínú ti àkọ́kọ́, tí ó kùnà nínú ti èkejì, èdè ni a ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó kùnà nínú méjèèjì, a ó bá a padà sórí ìyọkúrò. Olùkọ́ kan kò lè gbọ́ gbogbo èdè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Fúlàní tí ó ti gbọ́ Faransé díẹ̀ lè túmọ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń ka nǹkan ní ilé wa pàápàá yẹ kí ó wà nínú fíìṣì náà. «Soixante-quinze» jẹ́ ọgọ́ta àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dọ̀ tiwa, márùndínlọ́gọ́rin ni, èyí tí í ṣe ọgọ́rin tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní ka ọmọ sí ọ̀lẹ bí ó bá ń ro ó pẹ́. «Quatre-vingts» ńkọ́? Ogún mẹ́rin gan-an ni, bí ọgọ́rin wa ṣe jẹ́ ogún mẹ́rin. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọmọ wa lè lo ọdún púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́ láìsí ẹni tí ó fi èyí hàn án.

Ẹ má sì fojú kéré wàláà, «ardoise» àwọn ọmọ. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nawọ́, àwọn ọmọ márùn-ún kan náà ni yóò máa dáhùn títí ọdún yóò fi parí. Pẹ̀lú wàláà, gbogbo wọn a kọ ìdáhùn, olùkọ́ a lu tábìlì, wàláà gbogbo a gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. A rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Kìkì pé bí ó bá tètè lu tábìlì jù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra yóò jí ti ẹnìkejì wò.

Àwọn òbí kan yóò ní Faransé ni a fi ń ṣe CEP, kí ni a wá ń fi Yorùbá fi àkókò ṣòfò sí? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, bí àbúrò yín bá mú òdo wálé, ẹ túmọ̀ ìbéèrè náà fún un ní èdè ilé kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olódo. Bí ó bá dáhùn pé márùndínlógójì, ẹ bá àwọn òbí yín gbé ìwé náà padà tọ olùkọ́ lọ.