Owó Tí Ẹja Wa Ń Jẹ

Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Tápà, ní Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lè má fojú kan dọ́là rí, síbẹ̀ dọ́là ló ń bọ́ ẹja rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ fi fẹ́ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní iye ti ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti ju 1,500 lọ. Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, ìjọba Peru fagi lé sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kó ẹja anchovy lókun, torí El Niño ti mú omi gbóná, ẹja wẹ́wẹ́ ló sì kù níbẹ̀. Ẹja yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń lọ̀ sínú oúnjẹ ẹja kárí ayé, dọ́là la sì fi ń rà á wọlé. Wàhálà méjèèjì ló bá wa nídìí pọ́ọ̀ndù.

Purotéènì là ń wá nínú ẹja lílọ̀. Ẹja àrọ̀ fẹ́ bí ìdá 40 nínú 100 nínú oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó ṣì kéré fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí purotéènì bá kéré, ẹja á máa jẹ, kò ní dàgbà. Bó bá sì pọ̀ ju ohun tí ara rẹ̀ lè lò, kò ní tìtorí ẹ̀ tóbi sí i: á kàn tu ìyókù sómi gẹ́gẹ́ bí amóníà, tó lè pa á.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé àpò tó wọ́n jù ló dára jù, tàbí pé èyí tó pọ́ọ́kú ló ń dín ìnáwó kù. Ká ní oúnjẹ kan jẹ́ 1,000 náírà ní kìlógíráàmù kan, tí ẹja sì jẹ kìlógíráàmù 2 kó tó fi 1 sanra: 2,000 náírà ti lọ. Bí òmíràn bá jẹ́ 1,500, tí ẹja sì jẹ 1.2 péré, 1,800 ni. Iye tí ẹja fi sanra là ń rà.

Ìbàràpá kún fún ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n agbára ló pọ̀ nínú wọn. Purotéènì àgbàdo kò ju bí 9 nínú 100 lọ, ti ẹ̀gẹ́ kò tó ìyẹn rárá. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ní bí 44. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí iná dáadáa, torí sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ẹja. Nọ́ńbà tó wà lára àpò pàápàá kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀: náítírójìn ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n kàn lọ̀ lásán lè gbé nọ́ńbà náà sókè, ẹja kò sì ní rí i dà.

Mo bẹ àwọn ọlọ́sìn ẹja Tápà, Ayétẹ̀ àti Igangan: ẹ dáwó jọ, ẹ ra sóyà nígbà ìkórè. Kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣí ibi àyẹ̀wò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn sí Igbó-Ọrà, ní iye tí apá àgbẹ̀ ká. Bí àpò kan bá kùnà níbẹ̀, kí ẹni tó tà á dá owó àgbẹ̀ tó rà á padà.