Egbò Àdáàjinná àti Ìjọba Tí Kò Sí Nílé

Kókó kékeré kan yóò yọ lábẹ́ awọ, lẹ́sẹ̀ tàbí lápá ọmọdé. Kò ní dùn ún, kò sì ní mú ibà wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kì í fi í kà á sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, awọ yóò ya, egbò yóò sì máa jẹ ẹran ara lọ lábẹ́lẹ̀, nítorí pé májèlé tí kòkòrò àrùn náà ń tú jáde ń pa ọ̀rá àti awọ, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora. Buruli ni àwọn oníṣègùn ń pè é, lórúkọ agbègbè kan ní Uganda. Côte d'Ivoire, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò, wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣọṣẹ́ jù lọ lágbàáyé. Nílẹ̀ Áfíríkà, èwe tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15 sún mọ́ ìdajì àwọn tí ó ń mú.

Ọ̀rọ̀ oníṣègùn nìkan kọ́ ni èyí. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ní oṣù keje ọdún 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe ìpàdé sí Yamoussoukro, níbi tí wọ́n ti kéde pé ó tó àkókò láti gbógun ti àrùn náà. Bouaké, ìlú kejì tí ó tóbi jù ní Côte d'Ivoire, kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà sí ibẹ̀. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ogun mìíràn dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, wọ́n sì sọ ọ́ di ibùjókòó wọn. Ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì sá lọ sí ìhà gúúsù. Àjọ Médecins Sans Frontières ni ó wá dúró ti ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Lẹ́yìn àdéhùn Ouagadougou ti ọdún 2007 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó abẹ́ awọ kò mọ̀ pé ogun ń lọ. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àkókò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Oògùn wà fún Buruli: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni aláìsàn yóò fi lò ó, rifampicin pẹ̀lú clarithromycin sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn báyìí. Ẹni tí ó bá tètè dé lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni, àlẹ̀mọ́ awọ ni, oríkèé rẹ̀ sì lè ká dúró títí ayé. Egbò tí ó bá wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún tilẹ̀ lè di jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo kókó ni Buruli: òmíràn jẹ́ ọ̀rá lásán, òmíràn, bí ó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, jẹ́ jẹjẹrẹ ẹran ara. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ní ilé ìwádìí ni ó lè ṣe é. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí ni ó kan Nàìjíríà níbẹ̀? Ó kàn án gidigidi. Ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn tí wọ́n dí odò kékeré kan ní 1965 kí ó lè di adágún, àrùn yìí yọ lára àwọn kan tí ń gbé ibẹ̀. Ní 1976, àwọn dókítà Ìbàdàn tẹ ìwádìí lórí Buruli ní Nàìjíríà jáde. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn aláìsàn láti ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó ń sọdá ààlà lọ láti gba ìwòsàn. Èdè Pobè kò ṣàjèjì sí wọn; ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjọba mìíràn ni wọ́n ti rí ìtọ́jú. Ogun ni ó lé dókítà kúrò ní Bouaké. Ogun wo ni ó jà ní Yewa?

Àwọn kan yóò ní àrùn tí ó ṣọ̀wọ́n ni, pé ibà àti ikú aláboyún ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Òótọ́ wà nínú àwíjàre náà. Ṣùgbọ́n Buruli kò béèrè ilé ìwòsàn olówó ńlá. Nọ́ọ̀sì tí ó dá kókó náà mọ̀, ọ̀nà tí àpẹẹrẹ ara yóò fi dé ilé ìwádìí, àti oògùn: ohun tí ó kọ́kọ́ ń béèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kan náà ni yóò rí ẹ̀tẹ̀ àti jẹjẹrẹ kí wọ́n tó burú. Ní Àbújá, ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ìdá 15 nínú 100 ìsúná wọn fún ìlera. Orílẹ̀-èdè tí ó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ.

Ó rọrùn láti dá aláìsàn lẹ́bi pé ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni ó kọ́kọ́ gbà lọ. Adáhunṣe wà nítòsí, ó sì lè gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìjọba bá fẹ́ kí aláìsàn wá sọ́dọ̀ òun, kí òun náà sún mọ́ ọn. Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí olùdìbò bi ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò, láti orí alága ìjọba ìbílẹ̀ dé orí gómìnà: bí kókó bá yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ kan lónìí, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò ní àdúgbò yìí, èló sì ni òbí rẹ̀ yóò san? Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ìjọba tí ó bá dúró títí egbò fi là, àpá ni ó ń pín fún àwọn ọmọ náà.