Owó Ti Gòkè, Kí Iṣẹ́ Náà Gòkè

Nígbà tí fóònù GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò ní tẹlifóònù kankan. Lónìí, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ti ju mílíọ̀nù 150 lọ. Ìpè nìkan kọ́ ni àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń tà mọ́. Dátà ló gbòde. Orí rẹ̀ ni oníṣòwò ti ń gbowó, orí rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kàwé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Lóòótọ́, dísẹ́ẹ̀lì tí òpó wọn ń lò wọ́n, dọ́là tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó ọjà gbọ́dọ̀ rí ọjà gbà.

Ìgbèríko tí òpó nẹ́tíwọ̀kì kò tíì dé ni ìdàgbàsókè tó kù wà. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣèlérí okùn fáíbà tó ń gbé dátà, tó gùn tó 90,000 kìlómítà. Kí wọ́n tètè rì í mọ́lẹ̀. Kí àwọn ìpínlẹ̀ dín owó tí wọ́n ń gbà lórí gbígbẹ́ ojú ọ̀nà láti ri okùn náà kù, kí ẹni tó bá sì ń gé okùn náà fojú winá òfin.