«Wọ́n ní» kì í ṣe ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará mi, tí olè bá jà ní abúlé kan ní agbègbè Adja-Ouèrè, kí oòrùn tó mú, orúkọ ẹnì kan ti dé ọjà. Ta ló rí i? Kò sí. «Wọ́n ní òun ni.» Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Tí ẹ bá tọpa ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó rí i pé ẹni tí ó sọ fún yín gbọ́ ọ lẹ́nu oní-zémidjan, oní-zémidjan gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan, obìnrin náà kò sì rántí ẹni tí ó sọ fún òun.

Ìwà yìí burú, ó sì ń pa ènìyàn. Ní ọdún 2001, ní Cotonou, ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ pé àwọn kan ń fi oògùn jí nǹkan ọmọkùnrin. Èrò kò dúró ṣe ìwádìí. Wọ́n lu àwọn tí wọ́n fura sí, wọ́n sì dáná sun àwọn mìíràn títí wọ́n fi kú. «Wọ́n ní» ló pa wọ́n.

Òfin Ńlá ilẹ̀ wa, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ní ẹsẹ̀ 17 pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi, àfi tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi ní gbangba, lẹ́yìn tí ó ti rí àyè gbèjà ara rẹ̀. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe gbèjà ara rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀? Ẹni tí ó rí ọ̀ràn, adájọ́ lè bi í pé: «Níbo lo dúró sí? Ṣé òṣùpá wà? Báwo lo ṣe dá a mọ̀?» Ẹni tí ó gbọ́ ọ lásán, kí ni yóò dáhùn?

Ní Nàìjíríà tí ó bá wa pààlà, òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gba ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ, àfi ní ọ̀nà díẹ̀. Tí ẹni tí a ṣá ládàá bá gbà pé ikú ti dé, tí ó sì dárúkọ ẹni tí ó ṣá òun kí ó tó kú, ilé ẹjọ́ lè gbọ́ ọ, nítorí òkú kò lè wá jẹ́rìí. Ní Benin, adájọ́ ni òfin ní kí ó wọn ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan wò. Nítorí náà, ohun tí a ó gbé síwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo.

Àwọn kan yóò ní: «Tí a bá kọ àgbọ́sọ, ọ̀daràn yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ẹni tí ó rí i kò ní í wá.» Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀daràn lè jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà ní Pobè, iṣẹ́ oko ń dúró dè é, owó ọkọ̀ kò sì sí. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé ẹni tí ó rí i dákẹ́ ni kí a ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rí i?

Adájọ́ lè ní kí ọlọ́pàá mú ẹlẹ́rìí tí ó kọ̀ wá, ó sì lè bu owó ìtanràn lé e. Agbára nìkan kò tó. Ẹ̀yin olórí abúlé, ẹ dáàbò bo ẹlẹ́rìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí rẹ̀, ẹ bá a dá owó ọkọ̀, ẹ bá a ro oko lọ́jọ́ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé báyìí, ẹ gbọ́ o. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ní ilé ẹjọ́. Ẹ béèrè ògbufọ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò tíì kà kí wọ́n sì túmọ̀ fún yín. Ohun tí ẹ rí, ẹ ní «mo rí i». Ohun tí ẹ gbọ́, ẹ ní «mo gbọ́ ọ», kí ẹ sì sọ ẹni tí ó sọ ọ́. Ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní «n kò mọ̀ ọ́n».

Ẹni tí ó rí tí ó dákẹ́, ẹni tí kò rí tí ó ń sọ, àwọn méjèèjì ló ń ba ẹjọ́ jẹ́. Lọ́la, ó lè jẹ́ orúkọ tiyín ni ọjà yóò máa pè.